Píìnì ẹ̀yìn Tippmann A-5 mi kọ̀ jálẹ̀, kò fẹ́ jáde

Àkànní_Houston | Ọjọ́ Ẹtì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ gbà mí.

Aládùúgbò wa kan kó ẹrù inú gáréèjì rẹ̀ síta tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ra ìbọn paintball kan (ìbọn eré tó ń fi afẹ́fẹ́ yin ọta ọlọ́dà) níbẹ̀ ní dọ́là 40, Tippmann A-5. Ọmọ rẹ̀ ló ni ín, ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọmọ náà ti lò ó kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ lọ ṣeré paintball lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni mo ní mi ò ní háyà, kí n gbé tèmi lọ.

Mo fẹ́ tú u palẹ̀ kí n fọ̀ ọ́. Àwọn píìnì iwájú jáde wẹ́rẹ́, ìka ni mo fi tì wọ́n. Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó gba inú ìdérí ẹ̀yìn kọjá, ni kò mira. Mo ti fọ́n WD-40, epo inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sí irin tó lẹ̀, sí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo fi òòlù àti ìṣó nínípọn gbá a. Kò gbọ́. Ó ti wá dà bíi pé orí píìnì náà ti ń fẹ̀ díẹ̀. Ọkàn mi ń sọ pé kí n kúkú fi dírììlì lù ú jáde. Kí lẹ rí sí i?

---

Arúgbó_Pápá | Ọjọ́ Ẹtì, 9:31 alẹ́

Àkànní, gbé òòlù yẹn sílẹ̀ ná. Dírììlì ńkọ́? Má tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀ mọ́.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tún ìbọn háyà ṣe ní pápá paintball kan ní Maryland níbí, nítorí náà jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Kìíní, ṣé o ti yọ tánkì gáàsì tó ń fún ìbọn lágbára kúrò? Ìkejì, lẹ́yìn tí o yọ ọ́, ṣé o fa tíríígà títí ìró afẹ́fẹ́ fi tán? Gáàsì CO2 nínú ilé tó tutù díẹ̀ ń ti nǹkan bí 850 psi (psi ni ìwọ̀n bí gáàsì ṣe ń fi agbára tì tó), nínú gáréèjì Houston nígbà ooru ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè ku díẹ̀ nínú ìbọn lẹ́yìn tí tánkì ti kúrò. Ìkẹta, ọwọ́ tí wọ́n ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣé iwájú ló wà ni àbí ẹ̀yìn?

Awò ojú ńkọ́? Bó ò bá wọ̀ ọ́, dìde lọ mú un wá.

---

Àkànní_Houston | Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Kò bá tánkì wá rárá. Mo fa tíríígà, kò dún. Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ náà wà lẹ́yìn. Ṣé ó burú ni?

---

Arúgbó_Pápá | Ọjọ́ Ẹtì, 9:52 alẹ́

Ó burú díẹ̀. Bí ọwọ́ yẹn bá wà lẹ́yìn, ó túmọ̀ sí pé sípíríǹgì ńlá inú rẹ̀ ti ká jọ, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ti ìdérí ẹ̀yìn. Píìnì tí ò ń gbá yẹn ló sì dá ìdérí náà dúró. Bí ẹni tó fẹ́ fa ìdábùú ilẹ̀kùn yọ nígbà tí èèyàn mẹ́ta ń ti ilẹ̀kùn láti òdìkejì ni. Ó ya mí lẹ́nu pé o fa tíríígà tí kò wá síwájú. Ó jọ pé inú rẹ̀ ti lẹ̀.

Di ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ náà mú ṣinṣin, fa tíríígà, kí o fi ọwọ́ darí ẹ̀ síwájú jẹ́jẹ́. Bó bá kọ̀, tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, má fi tìpá ṣe é. Nígbà tí ó bá dé iwájú, ìwọ̀n tó ń tẹ píìnì yóò dín kù gan-an, kò sì ní tán. Lẹ́yìn náà, fi àtẹ́lẹwọ́ ti ìdérí ẹ̀yìn wọlé, kí ẹlòmíì máa ti píìnì.

---

Mẹkáníìkì_Ìwóròdù | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ láti Ìbàdàn. Mi ò mọ paintball o, ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti píìnì tó kọ̀, ẹ bi mí. Kíńpíìnì, píìnì ńlá tó di ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù mú, tó ti jókòó sójú kan fún ọdún mẹ́wàá, tó ti dípẹtà mọ́ àyè rẹ̀, iná la fi ń yọ ọ́. A ó mú irin tó yí i ká gbóná, a ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó parí. A tún máa ń da dísẹ́ẹ̀lì tàbí bírékì fúlúùdù sí ìpẹtà dípò epo inú agolo yẹn.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbá kékeré púpọ̀ kò dáa. Ẹ rí orí píìnì tó ti ń fẹ̀ yẹn? Ìṣó àti ìgbá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló fà á. Ìgbá kan tó wúwo, pẹ̀lú póńsì (irin tí a fi ń ti píìnì jáde) kúkúrú tó nípọn, sàn ju ogún ìgbá oníbẹ̀rù lọ.

---

Arúgbó_Pápá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:48 àárọ̀

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìgbá yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ti iná ni mo fẹ́ dá dúró. Alumíníọ̀mù ni ara ìbọn yìí, ọ̀dà wà lára rẹ̀, rọ́bà roboto kéékèèké sì wà nínú rẹ̀ tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Iná á ba gbogbo wọn jẹ́. Bírékì fúlúùdù náà, ẹ má jẹ́ kó kan ọ̀dà. WD-40 pàápàá, Àkànní, nígbà tó o bá tú u tán, nù ún kúrò, kì í ṣe òróró ìbọn paintball.

---

Spyder_Lágbájá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, gbé e sínú firísà mọ́jú. Mo rí i nínú fídíò kan. Òtútù á mú kí píìnì sún kì, á sì jábọ́ fúnra ẹ̀.

---

ỌmọAlágbẹ̀dẹ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:44 àárọ̀

Àbúrò, fídíò yẹn tàn ẹ́. Bó o bá gbé gbogbo ìbọn sínú firísà, ara rẹ̀ náà á sún kì, kì í ṣe píìnì nìkan. Alumíníọ̀mù sì máa ń sún kì, ó sì máa ń gbòòrò, ní ìwọ̀n bí ìlọ́po méjì irin. Nítorí náà ihò á fún ju bí píìnì ṣe tín-ín-rín lọ, á wá dì í mú pinpin. Ooru ló yẹ, kì í ṣe òtútù. Ìdí nìyẹn tí bàbá Ìwó Ròòdù fi sọ òótọ́ nípa iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ìbọn yìí kọ́ ló yẹ ká ti lò ó.

Ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun tó. Àmọ́ ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ká ní ihò náà fẹ̀ tó mílímítà 6, tí ẹ sì fi ìwọ̀n 50 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì mú un gbóná sí i, bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 300, ìdá kan ṣoṣo ni àyè tó máa ṣí sílẹ̀. Nígbà míì, ìyẹn náà ti tó láti já ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí ló lẹ̀ mọ́ ọn gan-an? Kò sẹ́ni tó tíì béèrè. Àkànní, ṣé ìpẹtà wà níbẹ̀? Ṣé o rí pupa bíi ti irin inú òjò?

---

Àkànní_Houston | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:10 àárọ̀

Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ ti wá síwájú. Mo tì í díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, ó ń lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n da oyin sí i nínú. Mo ti ìdérí ẹ̀yìn wọlé, ìyàwó mi sì ń ti píìnì. Kò mira síbẹ̀.

Mi ò rí pupa kankan. Ohun tí mo rí ni nǹkan aláwọ̀ ewé tó ti gbẹ yí ẹnu ihò náà ká. Mo fi èékánná ha á, ó ń bọ́ bí epo àbẹ́là. Fọ́tò rẹ̀ rèé.

---

Apoògùn_Peckham | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:26 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo ilé. Ọmọkùnrin mi méjèèjì ń ṣe eré yìí, èmi ni mo sì ń fọ aṣọ wọn, nítorí náà mo mọ ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn dáadáa. Kì í ṣe ìpẹtà. Ọ̀dà inú ọta tó fọ́ ni, ó ti gbẹ mọ́ píìnì náà, ó sì ti di gọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí iṣẹ́ mi nìyí. Kápúsù ni ọta paintball, jẹ́látìn kan náà tí wọ́n fi ń ṣe kápúsù òróró ẹja. Àwọn tó ń ṣe kápúsù oògùn, R.P. Scherer, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ọta wọ̀nyí. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PEG (polyethylene glycol). Ìbátan PEG yẹn la máa ń pò mọ́ omi fún ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà, èyí tí wọ́n ń kọ macrogol sára páálí rẹ̀ níbí. Ẹ wá wò ó: ohun tó ń yọ́ nínú omi ni, jẹ́látìn náà ń yọ́ nínú omi gbígbóná. Ẹ sì ń da epo sí i fún ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ bu ṣúgà sínú òróró, kí ẹ rò ó títí di alẹ́, ẹ wá sọ fún mi bó bá yọ́.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni. Kó má hó o, bí omi tí ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀. Ẹ ti ẹ̀yìn ìbọn náà bọ inú rẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí.

Ẹ̀yin tó ní ajá nílé, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ ọta yẹn o. Ó máa ń fa omi ara wọn jáde, ó sì lè ṣe wọ́n léṣe gan-an.

---

Arúgbó_Pápá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:02 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ ti pa mí! Ọdún mọ́kànlá, ojoojúmọ́ ni mò ń fi omi gbígbóná fọ inú ìbọn, mi ò sì ronú kan píìnì rí.

Mo tilẹ̀ mọ ibi tí àṣà epo yẹn ti wá. Ìbọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe eré yìí, Nelspot 007, kì í ṣe ohun ìṣeré. Àwọn tó ń sàmì sí igi tí wọ́n fẹ́ gé nínú igbó, àti àwọn darandaran, ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní marker títí dòní nìyẹn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1981, èèyàn méjìlá kó o wọ igbó ní New Hampshire, eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà olóróró ni ọta ìgbà yẹn, táápẹ́ńtáìnì ni wọ́n fi ń nu ara. Àwọn àgbà pápá tó kọ́ wa níṣẹ́ gbé àṣà epo látìgbà yẹn wá, ọ̀dà ti yí padà, àṣà ò yí.

Àkànní, omi náà ni. Lẹ́yìn rẹ̀, gbẹ gbogbo irin inú rẹ̀ dáadáa, kí ìpẹtà gidi má wá bẹ̀rẹ̀.

---

Spyder_Lágbájá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:30 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ já lu ọ̀rọ̀. Mo ní ìbọn kejì tí orúkọ ti pa rẹ́ lára ẹ̀. Píìnì tó di tíríígà rẹ̀ mú ní ihò láàárín, ó tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti òkè délẹ̀. Ìṣó wọ inú ihò yẹn gẹ́lẹ́, mo gbá a, ó wá le sí i. Ọ̀dà ni àbí kí ni?

---

ỌmọAlágbẹ̀dẹ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:15 ọ̀sán

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀dà. Irú píìnì yẹn, pẹlẹbẹ irin tí wọ́n ká bí ẹní ni. Ó fẹ̀ ju ihò rẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ̀là ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè sún kì wọlé, ó sì ń na ara rẹ̀ mọ́ ògiri ihò nígbà gbogbo. Nígbà tó o fi ẹnu ìṣó ṣóńṣó sí i láàárín, o tún ń là á fẹ̀ ni. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ mú un le.

Póńsì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹnu rẹ̀ tẹ́, ó wá ní kókó kékeré kan láàárín tó máa wọ inú ihò píìnì kó má baà yọ̀, èjìká tó tẹ́ ló ń ti ògiri píìnì fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín díẹ̀ ju píìnì lọ, kó lè tẹ̀ lé e wọ ihò. Bí o bá fi ẹ̀yìn ọmọ dírììlì ṣe é bí àwọn kan ti ń ṣe, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é níwájú ojú rẹ. Irin rẹ̀ le, kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bàbá mi kì í fi irin gbá irin tó bá fẹ́ tún lò. Inú ẹ̀rọ omi àtijọ́ ló ti máa ń yọ ọ̀pá idẹ, yóò fáìlì ẹnu rẹ̀ kó tẹ́, ó di póńsì. Idẹ rọ̀, òun ni yóò jẹ ìyà, píìnì kò ní fẹ̀ lórí. Kí o tó gbá ohunkóhun, wá pákó, lu ihò sí i, gbé ìbọn lé e kí ẹnu ìsàlẹ̀ píìnì bọ́ sí ihò yẹn gẹ́lẹ́. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ń mì, ara ìbọn ló ń jẹ ìgbá náà, píìnì ò gbọ́ nǹkan kan.

---

Àkànní_Houston | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:37 ọ̀sán

ÀǸTÍ!!! Ẹ wá wo omi inú báàfù. Aláwọ̀ ewé, ó tún dà bí ọṣẹ. Ìṣẹ́jú 25 péré. Mo gbé e jáde, mo fi ẹ̀yìn bírò tì í, ó sún! Mílímítà mẹ́ta báyìí. Ó wá dúró. Mo tì, mo tì, kò lọ mọ́. Mo tún rì í bọ omi, kò yí padà. Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn.

---

Mẹkáníìkì_Ìwóròdù | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:01 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, apá wo lò ń tì? Orí tó ti fẹ̀ yẹn, ṣé òun ló ń wọ inú ihò lọ?

---

Àkànní_Houston | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:04 ìrọ̀lẹ́

Òun ni sà.

---

Mẹkáníìkì_Ìwóròdù | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Ó tán. Omi ti ṣe tiẹ̀. Ìṣó rẹ ló kù. Etí tó yọ lórí píìnì yẹn, òun ló fẹ̀ ju ihò lọ. Bó o bá fi agbára tì í, yóò máa ha ihò alumíníọ̀mù yẹn títí yóò fi jáde, ihò á wá fẹ̀ títí láé, píìnì tuntun á máa mì nínú rẹ̀. Ti píìnì padà síbi tó ti wá, kí orí rẹ̀ yọ síta. Wá fáìlì kékeré, ká etí yẹn kúrò yíká, kó tín-ín-rín ju bó ṣe wà lọ díẹ̀ bí ẹnu kúréyọ̀n. Fi tépù lẹ ara ìbọn kí fáìlì má ha á. Má kánjú.

---

Arúgbó_Pápá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ohun tí bàbá sọ ni kó o ṣe. Nígbà tó bá fẹ́ jáde, kí àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan wà lẹ́yìn ìdérí, kí ojú ẹnikẹ́ni má wà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Sípíríǹgì yẹn ò mọ ẹbí.

---

Àkànní_Houston | Ọjọ́ Àìkú, 3:50 ọ̀sán

Ó ti jáde o. Lẹ́yìn ìsìn ni mo jókòó tì í. Fáìlì èékánná ìyàwó mi ni mo lò, ó ti ní kí n ra méjì dípò. Mo ká etí náà títí ìka mi kò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú ẹ̀yìn ìbọn gbóná díẹ̀, ọmọ mi àgbà wọ awò ojú, ó ti ìdérí wọlé, mo fi ìdí síbí onígi ti píìnì. Kò tilẹ̀ dún. Ó kàn rọra yọ jáde bí eyín ọmọdé tó ti ń mì.

Ọmọ mi wá gbọ́ pé ó ti jáde, ó gbọ́wọ́ kúrò. Sípíríǹgì fò gba iwájú tẹlifíṣọ̀n, ó wọ abẹ́ firíìjì. A ti fi ìgbálẹ̀ wá a jáde.

Inú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè gbà á gbọ́. Ọ̀dà ewé, ọ̀dà pupa, àti aláǹtakùn kan. Nígbà tí mo yí píìnì náà lórí gíláàsì, mo rí i pé ó ti tẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n tún un lò?

---

Arúgbó_Pápá | Ọjọ́ Àìkú, 4:15 ọ̀sán

Rárá. Èyí tó tẹ̀ yóò tún há. Ra tuntun, kò wọ́n. Kí o tó fi sí i, fi òwú onírun tí wọ́n fi ń nu etí nu inú ihò pẹ̀lú omi gbígbóná, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa píìnì. Nígbàkúùgbà tí ọta bá fọ́ nínú rẹ̀, tú píìnì yẹn jáde lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Rọ́bà roboto inú rẹ̀ tó ti mu WD-40 fún ọjọ́ mẹ́ta, wò ó dáadáa. Bó bá ti wú tàbí tó ti ń la, pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú. Kí o tó gbé e lọ pápá, ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bá ọ wo bí ọta ṣe ń yára tó. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kó kọjá ẹsẹ̀ bàtà 280 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

---

Apoògùn_Peckham | Ọjọ́ Àìkú, 4:33 ọ̀sán

Ẹ kú oríire, Àkànní. Ẹ bá mi kí ìyàwó, ẹ sì ra fáìlì èékánná méjèèjì fún un.

---

Mẹkáníìkì_Ìwóròdù | Ọjọ́ Àìkú, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire. Síbẹ̀ náà, iná ìbá ti yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì.

---

Arúgbó_Pápá | Ọjọ́ Àìkú, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ìbọn náà ìbá ti yọ́ tẹ̀ lé e.